Eré Ọkọ̀ Kì Í Ṣe Sáà Mẹ́ta

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó wo eré ìje ọkọ̀. Ó ti di ọdún kẹjọ tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ní gbogbo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìwé ni kí wọ́n dojú kọ, kí wọ́n fi mọ́tò sílẹ̀ fún àwọn dẹ́rẹ́bà. Mo sọ èyí kí òǹkàwé lè mọ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́ mọ́tò ló gbé mi dé ibi tí mo dé. Iná tó lọ ló gbé mi débẹ̀.

Ẹ̀yìn Oko Ọba ni ilé mi wà, ní Agége. Níwájú ilé náà, ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe. Rìwáyà ni gbogbo wa ń pè é, bí a ṣe ń pe gbogbo àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní sólà lórí páànù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí náà nígbàkigbà tí iná bá lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àdúgbò máa ń gbé fóònù lọ. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri rẹ̀, láàárín àwọn wáyà tó so kọ́. Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí gbogbo ayé bá ń wo bọ́ọ̀lù, mọ́tò ni òun máa ń wò.

Èmi náà ní iṣẹ́ tí mo máa ń ṣe ní Sátidé. Láàárọ̀, mo máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà àti ìṣirò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mẹ́sàn-án nínú wọn ń ṣiṣẹ́ níbì kan náà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì. Kásúà ni àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ọjọ́ tí kásúà bá ṣiṣẹ́ ló ń gba owó rẹ̀. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, kò sí owó. Bí ọ̀gá bá sì ní kó má wá mọ́ lọ́la, kò sí ẹni tó máa bi ọ̀gá léèrè. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó ti ṣe kásúà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tó ń bójú tó wọn wá sílé mi. Ó ní ilé-iṣẹ́ fẹ́ mú ẹnì kan nínú àwọn kásúà, kí wọ́n kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń darí ẹ̀rọ tó ń di bisikíìtì, kí ó sì di sítáàfù. Ó ní ẹni náà gbọ́dọ̀ lè ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, kó mọ ìṣirò ìwọ̀n, kó sì lè kọ ohun tó bá bàjẹ́ sílẹ̀. Ó ní èmi tí mo ń kọ́ wọn ni kí n dán wọn wò, ẹni tí mo bá mú wá ni wọn yóò gbà.

Ó ní, "Ẹnì kan péré o, Bàbá. Ẹ má fún wa ní méjì, kẹ́ ẹ wá ní ká yan èyí tó bá wù wá."

Mo gbà. Mo ṣètò ìdánwò mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méjì méjì láàárín wọn. Mẹ́sàn-án ló jókòó fún ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí mo máàkì rẹ̀, mo ní kí mẹ́rin tó kẹ́yìn má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́. Márùn-ún ṣe ìkejì, mo tún yọ mẹ́ta. Ó wá ku méjì: obìnrin tí mo sọ yẹn, àti ọkùnrin kan tó ń ru páálí bisikíìtì sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Obìnrin náà jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, mẹkáníìkì ni ọkọ rẹ̀ kó tó kú. Ọkùnrin náà jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ó gbọ́n, ó sì mọ̀ pé òun gbọ́n. Àwọn méjèèjì nílò iṣẹ́ náà. Mi ò ní purọ́ pé ọ̀kan nílò rẹ̀ ju èkejì lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdánwò kejì ni iná lọ. Mo gbé fóònù mi, mo kọjá sí ṣọ́ọ̀bù Rìwáyà. Mo bá obìnrin náà níbẹ̀, ó jókòó lórí bátìrì ńlá kan tí wọ́n ti da aṣọ bò, ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣọ̀n. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó tún jókòó kíákíá bí ẹni tí ìkòkò rẹ̀ wà lórí iná.

Rìwáyà fa bẹ́ǹṣì kan jáde. "Tíṣà, ẹ jókòó. Lónìí, ẹ̀yin lẹ máa jókòó sọ́wọ́ ẹ̀yìn kíláàsì."

Mo jókòó. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń sáré lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo bi wọ́n pé àwọn yòókù ńkọ́.

Rìwáyà ní, "Wọ́n wà nínú gáréèjì. Wọ́n ń mu tíì."

Obìnrin náà pòṣé. "Ẹ má dá wọn lóhùn, Bàbá. Wọ́n ń dúró kí ojú ọ̀nà dá ni."

"Ta ló wà níwájú báyìí?"

"Kò tíì sẹ́ni tó wà níwájú. Kì í ṣe eré nìyí. Ọ̀la leré. Kọ́lífáì ni tòní. Wọ́n fi ń mọ ibi tí kálukú máa dúró sí lọ́la kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá yá jù lónìí ló máa dúró níwájú pátápátá."

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò kàn ṣẹ́ kèké. Ó yí ojú sí mi.

"Ṣé kèké lẹ máa ń ṣẹ́ fún ipò kìíní nílé ìwé yín ni, Bàbá?"

Rìwáyà rẹ́rìn-ín sínú wáyà tó dì mú.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin náà ni olùkọ́ mi, mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé ó mọ̀ ọ́n kọ́. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ òun náà nígbà ayé rẹ̀. Ó jẹ́ kó yé mi pé lọ́jọ́ kọ́lífáì, àwọn awakọ̀ kì í bára wọn sáré. Aago ni oníkálukú ń bá sáré. Ọkọ̀ á jáde, á kọ́kọ́ yí pápá ká jẹ́jẹ́ kí táyà rẹ̀ lè gbóná dáadáa. Lẹ́yìn náà ló máa wá fi gbogbo agbára rẹ̀ yí i ká lẹ́ẹ̀kan, láti ìlà dé ìlà. Èyí ni wọ́n ń kà. Ó lè tún un ṣe bí àyè bá wà. Èyí tó bá yá jù nínú gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á fún un.

Ìpín mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ogún ni ọkọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé iye náà lè yí padà, kí ẹni tó bá ń ka èyí má bá mi jà. Ìpín kìíní, ìṣẹ́jú méjìdínlógún: gbogbo wọn á jáde, márùn-ún tó lọ́ra jù á lọ jókòó. Ìpín kejì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: márùn-ún mìíràn á tún lọ. Mẹ́wàá tó kù á wá fi ìṣẹ́jú méjìlá dù ú láàárín ara wọn.

Mo ṣe àṣìṣe púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí aago ìpín kìíní pé, mo rí i pé ọkọ̀ mẹ́ta ṣì ń sáré lọ. Mo nàka sí wọn. "Ẹ wò wọ́n! Àkókò ti tán, wọ́n ṣì ń kọ̀wé!"

Rìwáyà gbá itan. Obìnrin náà ní, "Rárá, Bàbá. Ẹni tó bá ti kọjá ìlà kí aago tó pé, wọ́n á jẹ́ kó parí yíyí tó bẹ̀rẹ̀. Tí ọmọ bá wà láàárín ọ̀rọ̀ nígbà tí agogo lù, ṣé ẹ máa gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀ ni?"

"Mo ti gbà á lọ́wọ́ ọ̀pọ̀."

"Háà! Ẹ̀yin náà!"

Nǹkan kan wà tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọkọ̀ pupa kan sáré dé, ó bọ́ sí ipò kejì, kò pẹ́ tí wọ́n fi pa iye rẹ̀ rẹ́. Wọ́n ní táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kọjá ìlà funfun ní kọ́nà kan. Mo ní èyí dára. Èmi náà kì í fún ẹni tó bá kọ̀wé jáde sí ẹ̀gbẹ́ ojú-ewé ní máàkì.

Nígbà tó máa fi parí, ojú mi ti là díẹ̀. Fóònù mi ti kún, ṣùgbọ́n mi ò dìde.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo mú ìwé àti rúlà dání lọ. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí àwọn méjì náà ṣe ìdánwò ìkẹyìn. Iná wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Ara mi ni mo gbé lọ. Mo fa ìlà sínú ìwé náà: ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lápá òsì, lẹ́yìn náà ìpín kìíní, ìpín kejì, ìpín kẹta, àròpọ̀, ipò. Bí wọ́n ṣe ń gbé iye wọn jáde ni mò ń kọ ọ́, títí dé ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Rìwáyà ń wo mí ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan, èyí tó yẹ kó ti kì mí nílọ̀.

Nígbà tí ìpín kẹta parí, ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù ni wọ́n kọ sókè pátápátá. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbá awakọ̀ rẹ̀ mọ́ra, ó ń juwọ́. Èmi rò ó, mo tún un rò. Aláwọ̀ búlúù ni ìkọkànlá ní ìpín kìíní. Aláwọ̀ ewé ló ṣe dáadáa nínú ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àròpọ̀ tirẹ̀ ló kéré jù. Mo gbé ojú sókè.

Mo ní, "Àṣìṣe wà níbí. Aláwọ̀ ewé ló gba ipò kìíní."

Rìwáyà kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ̀yin tíṣà! Ẹ fẹ́ fún mọ́tò ní ripọ́ọ̀tù káàdì! Ẹ má gbàgbé ibi tí hẹdimásítà máa buwọ́ lù o! Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ fún búlúù pé, 'Ó lè ṣe ju báyìí lọ tó bá fi eré ṣíṣe sílẹ̀'!"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà dùn. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó sì tún mi kọ́.

"Kì í ṣe sáà mẹ́ta, Bàbá. Wọn kì í rò ó pọ̀. Tí ìpín kìíní bá ti parí, wọ́n á nu gbogbo ẹ̀ kúrò, bí ẹni nu pátákó. Ẹni tó ṣe kìíní àti ẹni tó ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ibì kan náà ni wọ́n tún ti máa bẹ̀rẹ̀. Búlúù yìí, ẹ ò rí i pé kò sáré tó bó ṣe lè sáré ní ìpín kìíní? Ó ń tọ́jú táyà tó dára dìgbà ìkẹyìn ni. Ó ṣáà fẹ́ wọlé ni. Ọgbọ́n nìyẹn. Bí èmi náà ṣe..."

Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ibi tí mo kọ "àròpọ̀" sí. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

"Bàbá, tiwa ńkọ́?"

"Tiyín bíi báwo?"

"Ìdánwò wa. Ṣé ẹ máa rò ó pọ̀ ni, àbí èyí tó kẹ́yìn yìí lẹ máa kà?"

Mo ní, "Màá rò ó pọ̀. Báwo ló tún ṣe máa jẹ́?"

Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹ ò sọ fún wa."

Ó sọ ohun tó ti ṣe fún mi. Nígbà tí mo ka orúkọ lẹ́yìn ìdánwò àkọ́kọ́, mo ní, "Ẹ̀yin márùn-ún lẹ wọlé." Lẹ́yìn ìkejì, mo ní, "Ẹ̀yin méjì lẹ wọlé." Òun gbọ́ "wọlé", ó rí i tí àwọn kan ń lọ sílé lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ ohun tí irú rẹ̀ ń jẹ́. Ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàdéhùn níbi iṣẹ́. Ó gba iṣẹ́ alẹ́ wọn ṣe ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò méjì àkọ́kọ́ wà, kí àwọn náà lè gba tirẹ̀ ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ìkẹyìn. Láti ibi iṣẹ́ alẹ́ ló ti wá jókòó síwájú mi lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó mọ̀ pé òun kò ṣe dáadáa. Ó ní kò dun òun, nítorí òun ti wọlé.

"Táyà mi ni mò ń tọ́jú, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé."

Rìwáyà na ọwọ́, ó dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. "Tíṣà," ó ní, "ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti mọ́tò."

Mo padà sílé. Mo mú ìwé máàkì jáde. Ọkùnrin tó ń ru páálí gba mẹ́rìnlélọ́gọ́rin nínú ìdánwò àkọ́kọ́, ó gba mọ́kànlélọ́gọ́rin nínú ìkejì. Obìnrin náà gba méjìdínláàádọ́ta, lẹ́yìn náà ó gba márùndínlọ́gọ́ta. Méjìlélọ́gọ́ta ni ọkùnrin náà fi ṣáájú rẹ̀. Bí mo bá rò ó pọ̀, kò sí ohun tí obìnrin náà lè kọ ní Sátidé tó ń bọ̀ tó máa gbà á là, àfi bí ọkùnrin náà bá sùn. Iṣẹ́ náà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó mọ̀ pé wọ́n ti ń kà á. Bí n kò bá sì rò ó pọ̀, mo ti fi ọwọ́ ara mi gba ohun tí ọkùnrin náà ti fi òógùn kó jọ.

Mo wá inú ìwé tí mo fi ń ṣètò ẹ̀kọ́ mi wò, bóyá mo sọ ọ́ níbì kan. Mo rí ọjọ́ tí ìdánwò máa wáyé. Mo rí aago. Mo rí i pé mo ní kí wọ́n mú bírò méjì àti rúlà wá. Bí a ó ṣe kà á, n kò kọ nǹkan kan, n kò sì sọ nǹkan kan. Ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, n kò tíì ní ìdí láti sọ ọ́ rí, nítorí gbogbo ẹni tó wà nílé ìwé ló mọ̀ pé a máa ń ro sáà mẹ́ta pọ̀. Àwọn wọ̀nyí kò sí nílé ìwé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni wọ́n wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo pe àwọn méjèèjì. Ọkùnrin náà wọkọ̀ wá láti Abúlé Ẹ̀gbá, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bi tèmi. Kò rọrùn fún mi láti sọ ọ́, torí kò mọ́ mi lára.

Ọkùnrin náà ní, "Ṣùgbọ́n sà, èmi mọ̀ pé ẹ máa rò ó pọ̀. Ta ni ò mọ̀yẹn? Gbogbo ilé ìwé ló ń rò ó pọ̀."

Obìnrin náà ní, "Èmi ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fi lọ sílé ìwé, mi ò lo sáà mẹ́ta pọ̀ rí. Tí ìkórè bá ti dé, oko ni wọ́n máa ń mú mi lọ. Wọn ò ro nǹkan kan pọ̀ fún mi rí."

Mo ti kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. "Kò sí nílé ìwé" ni mo máa ń kọ síwájú orúkọ wọn, màá sì kọjá.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àǹtí, ṣé oorun lẹ wá ń sùn nínú ìdánwò láti ọjọ́ yìí? Èmi ti ń sọ nílé pé mo ti fẹ̀yìn yín balẹ̀."

"O ò fẹ̀yìn ẹnì kankan balẹ̀. Mi ò tíì dìde ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Sà, ẹ nu ún kúrò. Ká ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ti ṣáájú lẹ́ẹ̀mejì, kí ló máa dá a dúró lẹ́ẹ̀kẹta?"

Mo sọ fún un pé kó má fi ìgbóná ọkàn dáhùn. Mo ní ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá. Bó bá ní rárá, máàkì rẹ̀ wà bó ṣe wà, èmi ni màá sì wá ọ̀rọ̀ tí màá bá obìnrin náà sọ. Mo ní kó lọ sùn lé e lórí di ọjọ́ Ẹtì.

Ó pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ó ní òun kò yí ọ̀rọ̀ òun padà, àmọ́ bí máàkì àwọn méjèèjì bá dọ́gba, òun ni kí wọ́n mú. Mo sọ fún obìnrin náà. Ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní nínú kọ́lífáì pàápàá, bí iye méjì bá dọ́gba, ẹni tó kọ́kọ́ sá a ló ni ín.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí wọ́n tó jókòó, mo kọ ọ́ sójú pátákó: ìdánwò yìí nìkan ni a ó kà, ìbéèrè kìíní gba ogójì máàkì, ìkejì gba ogójì, ìkẹta gba ogún, bí ó bá dọ́gba, ọkùnrin ni. Mo ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kà á sókè. Wọ́n kà á. Mo fún wọn ní ojú-ewé kan nínú ìwé ìlò ẹ̀rọ láti kà kí wọ́n sì dáhùn, mo fún wọn ní ìṣirò ìwọ̀n ìyẹ̀fun àti ṣúgà, mo sì ní kí wọ́n kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ẹ̀rọ tó dúró lójijì. Wọ́n fi wákàtí kan ààbọ̀ ṣe é. Kò sí ẹni tó gbé ojú sókè.

N kò fi ọwọ́ ara mi máàkì rẹ̀. Mo kọ "kìíní" sí ọ̀kan, mo kọ "ìkejì" sí èkejì, mo gbé e fún ẹlẹgbẹ́ mi àtijọ́ kan tí a jọ fẹ̀yìn tì, tí kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Ní ọjọ́ Àìkú ló dá a padà. Obìnrin náà gba mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ọkùnrin náà gba mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Mo tún àròpọ̀ náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Mo fi orúkọ obìnrin náà ránṣẹ́ sí Ìkẹjà. Wọ́n kọ́ ọ fún oṣù méjì, wọ́n sì gbà á gẹ́gẹ́ bí sítáàfù. Ojúmọmọ ló ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọ̀gá náà sọ fún mi pé ọwọ́ rẹ̀ dára lórí ẹ̀rọ. Mo bẹ ọ̀gá náà nípa ọkùnrin yẹn, mo ní ohun tó fi dín kò tó nǹkan. Ó ní, "Bàbá, mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ni."

Ọkùnrin náà wá gba ìwé ìdánwò rẹ̀. Ó ṣí i dé ibi ìṣirò ìwọ̀n, níbi tó ti pàdánù máàkì mẹ́jọ. Ó ti ka gíráàmù bíi kílò. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Mo mọ èyí, sà." Mo ní mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ó ká ìwé náà, ó kì í bọ àpò. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ni. Mi ò ní sọ pé ẹ rẹ́ mi jẹ." Kò wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kì í dúró. Páálí ló ṣì ń rù.

Àwọn kan sọ fún mi pé ó gbà á fúnra rẹ̀, kí n má da ara mi láàmú. Òótọ́ ni pé ó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí àgbàlagbà kan gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún, níwájú ẹni tí wọ́n jọ ń dù ú, kí ni ká retí pé kó sọ? Bí mo bá ti sọ gbólóhùn kan péré láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, obìnrin náà ì bá má gba iṣẹ́ alẹ́ ẹnikẹ́ni ṣe, ọkùnrin náà ì bá mọ ibi tó yẹ kó ti lo agbára rẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù nínú wọn ì bá mọ̀ pé ọwọ́ ara òun ló fà á, kì í ṣe ẹnu tèmi tí kò là.

Mo ṣì ń wo mọ́tò ní Sátidé. Mo ti mọ̀ ọ́n dé ìwọ̀n tó fi jẹ́ pé Rìwáyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jiyàn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù nínú rẹ̀ kì í ṣe eré wọn. Ó jẹ́ pé kí ọkọ̀ kankan tó kúrò nínú gáréèjì, gbogbo ogún ló mọ bí wọn yóò ṣe ka òun, títí dé orí ohun tí wọn yóò ṣe bí iye méjì bá dọ́gba.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ bá ka èyí, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ju ọmọ kan lọ: ẹ má rò pé ohun tó hàn sí yín hàn sí ẹlòmíràn. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹ máa dá lẹ́jọ́, ẹ sọ bí ẹ ó ṣe kà á fún un. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tó ti máa rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó tún un sọ fún yín, kí ẹ lè fi etí ara yín gbọ́ ohun tó yé e.